Àtẹ́wọ́ Tó Ń Pẹ́ Kó Tó Dé

Èmi ni mo ni ilé, èmi náà ni mo kọ́ bíríkìlà ní gìtá. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan, mo sì tà á dáadáa, kí n tó lọ́kọ, kí n tó di ìyá onílé tí àwọn ayálégbé ń sá fún. Gìtá náà ṣì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mò ń nu eruku ara rẹ̀ lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan ni bíríkìlà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn rí i, ló bá dúró síbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àgbà lè kọ́ nǹkan yìí?"

"Àgbà wo? Ìwọ tí ewú ò tíì kún orí rẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìyàwó rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Obìnrin náà lọ sí òkè òkun láti máa tọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n ní fúngbà díẹ̀ ni, ìgbà díẹ̀ náà sì ń gùn sí i. Kó tó lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jọ kọrin tí wọ́n bá ń fọ abọ́, orin kan náà lójoojúmọ́, ọkọ á máa kọ ọ́, ìyàwó á máa gbè é, á sì máa fi ọwọ́ tútù pàtẹ́wọ́ sí i, èmi á sì fi igi ìgbálẹ̀ kan ògiri pé kí wọ́n jẹ́ ká sinmi. Ní báyìí, kò sí ẹni tí mo fẹ́ kan ògiri fún mọ́. Tí obìnrin náà bá pè lọ́sàn-án Sọ́ńdè, mo máa ń gbọ́ wọn. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?" "Mo ti jẹun." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Iṣẹ́ ń lọ." Lẹ́yìn náà, wọn á kàn máa gbọ́ mímí ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sí bí ẹnu nìkan ṣe lè dá a ṣe.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí," bíríkìlà sọ fún mi. "A ò jà o. Ọ̀rọ̀ ló ń tán lẹ́nu wa. Tó bá wá tán pátápátá, kí ni ìyàwó mi á tún máa torí ẹ̀ pè mí?" Ó ní tí òun bá lè ta orin ìdí abọ́ yẹn lórí fóònù, àwọn á rí nǹkan kan jọ máa ṣe, yàtọ̀ sí kí àwọn máa bi ara àwọn bóyá àwọn ti jẹun. Àárò obìnrin náà ń sọ ọ́ débi pé ó ti rù.

A bẹ̀rẹ̀ ní fàráńdà. Ẹlòmíràn, kò tíì pẹ́ nídìí gìtá tí á ti máa sunkún pé okùn ń gé òun níka. Bíríkìlà ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì ti sọ ìka tiẹ̀ di pátákó. Ọwọ́ ọ̀tún ni wàhálà rẹ̀. Ó ń gbá okùn bí ẹni tó ń ju sìmẹ́ńtì mọ́ ògiri. Okùn já, a so òmíràn, òun náà já.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kò sẹ́ni tó ní kí o rẹ́ gìtá yìí bí ògiri. Rọ ọwọ́. Jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ máa lọ kó máa bọ̀, bí ìgbà téèyàn ń gbọn omi kúrò lọ́wọ́."

Kọ́ọ̀dù méjì péré, ìyẹn ọ̀nà méjì tí ìka òsì ń gbà tẹ okùn, lorin wọn ní. Ohun tí mi ò gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ọwọ́ dúró. Tí ìka òsì bá tẹ okùn tí kò yẹ, kó tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa lọ: sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ fún un: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó ń kà á lẹ́nu níbi tó ti ń to búlọ́ọ̀kù, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá sọ ọ́ ní Ení-Èjì. Nígbà tó yá, orin jáde. Kò dùn tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó dúró lójú kan.

Sọ́ńdè dé. Bíríkìlà fi fóònù ti ìkòkò òdòdó, ó ní kí ìyàwó òun máa pàtẹ́wọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ lorin bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń fà, ó ń fà, títí ó fi kú. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kú.

"Ìwọ lò ń falẹ̀," obìnrin náà wí.

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Obìnrin náà ní òun fẹ́ múra iṣẹ́, ó sì pa fóònù. Bíríkìlà jókòó tòun ti gìtá lórí itan, ojú rẹ̀ ṣófo.

Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ lo jẹ̀bi. Ọ̀nà jìn. Kí ohùn gìtá rẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀. Kí àtẹ́wọ́ rẹ̀ tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó tún ti pẹ́ sí i. Òun ò pẹ́, ọ̀nà ló ń pẹ́. Tó o bá dúró de àtẹ́wọ́ yẹn, òun náà á dúró de gìtá rẹ, ẹ ó sì máa dúró de ara yín títí orin á fi kú. Má dúró. Máa lọ, kó máa bá ọ bọ̀."

Ó gbójú sókè. "Màmá, kí n fi í sílẹ̀ sẹ́yìn?"

"Nínú orin ni mo wí."

"Èmi náà, nínú orin ni mò ń sọ," ó ní, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Èyí ló le jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń pẹ́ kí n tó pàtẹ́wọ́. Gbàrà tó bá gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: bíríkìlà tí kò bá lè dúró kí sìmẹ́ńtì òpó gbẹ, ilé á wó lé e lórí ni. Mo bú u. Mo fìbínú wọlé, mo tún jáde. Ó ní ọkàn òun ò gbà á, mo ní mi ò pe ọkàn, ọwọ́ ni mo pè. Díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tẹ̀ lé e mọ́.

Nígbà tí obìnrin náà tún pè, ọkọ rẹ̀ di ojú, ó ka ení dé ẹ̀rin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́wọ́ dé, ó pẹ́, ó bọ́ síbi tí kò yẹ. Orin tí obìnrin náà ń kọ sí i náà pẹ́. Létí tèmi ní fàráńdà, bí ẹni méjì tó ń rìn tí ẹsẹ̀ wọn ò dọ́gba ni. Bíríkìlà di eyín, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó tà á dópin.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó ti lọ.

"Ọkọ mi, ó bára mu. Bí ìgbà tá a wà nídìí abọ́ gan-an ni. Gbogbo àtẹ́wọ́ mi ló ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ. Àfi bíi pé o wà nínú yàrá yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe gbọ́ ọ lọ́dọ̀ tìẹ?"

Ó wò mí. Àwa méjèèjì mọ̀ pé gìtá tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà ló ń pàtẹ́wọ́ sí, ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni àtẹ́wọ́ ti ń pẹ́ kó tó dé. Mo dojú kọ ẹ̀wà mi.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ó ní. "Ó bára mu."

"Tún un ta fún mi, jọ̀ọ́. Mi ò tíì fẹ́ lọ."

Ó nu ojú, ó sì tún un ta. Ó ń lọ níwájú, àtẹ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì bá a títí orin fi parí.