Orúkọ tí Mo Pè Lórí Okùn Bọ́dà Ìlárá

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi jáde nílé ní Òkè-Ogbo, ní Ifẹ̀. Ẹ̀dúnàbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá, àwọn obìnrin ń to iṣu sẹ́bàá títì. Mòrẹ́nikẹ́ ọmọ mi ló bímọ sílé ọkọ, ní ìkọjá bọ́dà Ìlárá, nílẹ̀ Faransé níhà Kétu. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ. Èyí pé ọjọ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ nílé tiwa, bàbá ìyá ọmọ ni í kọ́kọ́ pe orúkọ, kí oòrùn tó wọ̀. Mò ń wo oòrùn láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà di kòtò àti erùpẹ̀ pupa. Ọ̀kadà ni mo gùn parí ẹ̀.

Èmi kì í wọ aṣọ játijàti lọ ilé àna. Agbádá mi lọ́jọ́ náà, àwọn ará abúlé ń yà lọ́nà fún un. Okùn ni wọ́n fi dí bọ́dà. Aṣọ́bodè ní, "Bàbá, níbo?"

Mo dá a lóhùn ketekete: "Òkè òkun ni mò ń lọ. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Àwa la tẹ Kétu dó!"

"Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, bàbá. Pásípọ́ọ̀tù yín ńkọ́?"

Mi ò ní. Àwọn obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn kọjá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan.

Ìyá ọkọ ọmọ mi gbọ́, ó sáré dé láti ọ̀hún tòun ti ọkọ́ léjìká. "Àna wa, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní òkè òkun ni mò ń lọ."

"Yéè! 'Oko là ń lọ' là ń wí níbí! Oko wa wà lọ́dọ̀ yín, ibojì bàbá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Ta ló ń wọ agbádá lọ sóko?"

Ó bẹ aṣọ́bodè títí. Ìyẹn ní ẹnu bàbá ló há bàbá mọ́bí, ọ̀gá òun ti gbọ́. Obìnrin náà ò jiyàn. "Ó dáa. Ẹ dúró síbẹ̀."

Mo dúró. Oòrùn ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan lókè igi. Àwọn méjì ìṣáájú ni mò ń rò.

Ni mo bá rí wọn: Mòrẹ́nikẹ́, ọkọ rẹ̀, gbogbo agbo ilé, pẹ̀lú oyin, iyọ̀ àti omi. Mòrẹ́nikẹ́ na ọmọ sórí okùn: orí ní Nàìjíríà, ẹsẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Mo ta omi sí i lẹ́nu, mo pè é: "Dúrójayé!" Aṣọ́bodè ló kọ́kọ́ dáhùn pé, "Àṣẹ!" Ọmọ ké tòò. Ohùn Ifẹ̀ ni.

Wọ́n na àkàsà sí mi, ẹ̀kọ là ń pè é ní tiwa, mo jẹ ẹ́ lóòró.

Mo sùn ní Ìmẹ̀kọ, mo délé lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará ilé pé lé mi lórí: "Òkè òkun ti rí?" Mo ní ó dára. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ó gba ọ̀nà yẹn, ẹ gbọ́: àwọn tó ń gbébẹ̀ ò sọdá ibì kankan rí, oko ni wọ́n ń lọ. Èmi tí mo pè é ní òkè òkun nìkan ni okùn náà dá dúró.