Ọjọ́ Tí Sàká Kò Bú Mi Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ yìí fún yín bó ṣe rí gan-an, kí ẹ sì bá mi dá a.

Iṣẹ́ àwòrán ara ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ń ṣe ní Ìdúmọ̀tà. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ọ̀dà ń gbọ́ tèmi. Sàká, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe télọ̀ ní ìsọ̀ kejì, kì í kí mi bí ènìyàn gidi láàárọ̀. Á ní, "Eegun ẹja, o ò tíì kú?" Èmi náà á ní mo ń dúró kó rán aṣọ Iléyá mi tán ni, nítorí náà ẹ̀mí mi á gùn.

Nígbà tí inú rírun kò jẹ́ kí n gbádùn, ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Múfú, mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà pe Bùrọ̀dá nìkan sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sàká rọra kí mi, ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Kò bú mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òtútù mú mi nínú oòrùn. Kí ni ọkùnrin yìí mọ̀ tí èmi kò mọ̀?

Mo padà lọ bá dókítà. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ti ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́ kọjá ohun tí oògùn lè ṣe, àti pé ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ òun kí òun má sọ fún mi.

Bùrọ̀dá ní wọn kì í sọ irú rẹ̀ fún aláìsàn, kí àyà má baà já a. Ṣé àyà mi kò wá já báyìí? Gbogbo agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀, títí kan àwọn ayálégbé àti Sàká. Èmi tí mo ni ẹ̀dọ̀ nìkan ni wọn kò sọ fún.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí wọ́n bá ń kírun sí òkú lára ní mọ́ṣáláṣí, mo máa ń sá bọ́ síta.

Ní ọjọ́ kan, mo gbé pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ kan, mo ya ara mi sí i, tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, tí mò ń sáré lọ sí Èbúté Èrò. Mo ya Ikú sẹ́yìn mi: ó sanra, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bàtà rẹ̀ kan ti já. Mo gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Bùrọ̀dá ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, pé mo ń pe Ikú wọlé. Mo dáhùn pé àwọn ló ti gbà á lálejò láìjẹ́ kí onílé mọ̀.

Sàká dé. Ó wo àwòrán náà títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Irọ́ lo yà. Orí rẹ tóbi ju èyí lọ, Eegun ẹja."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí. Mo bi í pé aṣọ mi ńkọ́. Ó ní òun kò tíì fọwọ́ kàn án, òun kò sì ní yára.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. N kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí mo ń bèèrè kò pọ̀: ẹni tó ni ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi irú èyí pa mọ́ fún, àti ẹ̀yin tí ẹ fi pa mọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ sọ tiyín kí n gbọ́.

Ẹ má kàn jẹ́ kó pẹ́.