Bí A Ṣe Fi Ẹnu Da Iṣẹ́ Sílẹ̀ ní Òrégún

Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọdún tí epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n débi pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Òrégún ń ti géètì wọn lọ́sàn-án gangan ni mò ń sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí pé ìyanṣẹ́lódì wo ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo èyí tí mo ti bá wọn ṣe. Ẹ máa ń rò pé èyí tí a ti gbé pósí káàkiri, tí a ti sá fún tajútajú, ni mo máa dárúkọ. Rárá o! Èyí tí a ò ti ilẹ̀kùn kankan ni, tí a ò gbé pátákó kankan, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí àwa náà ń ṣiṣẹ́. Ẹnu nìkan la fi da iṣẹ́ sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni. Èmi ni alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ìdí ààrò ńlá tí wọ́n ti ń yan bisikíìtì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Èkìtì ni mí, Agége ni mò ń gbé, ohùn mi ò sì kéré. Àwọn ará ibi iṣẹ́ máa ń ní tí n bá sọ̀rọ̀ ní Òrégún, wọ́n á gbọ́ ọ ní Àgídìngbì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ta ló ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ọ̀gá jà?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà wa. Ní àràárọ̀, kí a tó tan ẹ̀rọ, gbogbo wa á péjọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó páálí sí, a ó kọrin, a ó gbàdúrà. Onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn tó ń wọ sùtánà lọ́jọ́ Ìsinmi sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà ń gba tiwọn, kò sí ìjà. Lẹ́yìn àdúrà ló kan ẹ̀rí. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún á jáde síwájú, á sọ ọ́. Nígbà tó yá, mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀rí ẹ̀rọ wọ àárín ẹ̀rí ọmọ bíbí àti ilé kíkọ́. Kàmọ́rù, mẹkáníìkì wa, á jáde, á ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Bẹ́líìtì tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń da bisikíìtì sílẹ̀ láti ìjẹta, mo gé rọ́bà táyà, mo fi há a lábẹ́. Kò yà mọ́!" Àwa Onígbàgbọ́ á pariwo "Alelúyà!", àwọn Mùsùlùmí á ní "Alihamudulilai!" À ń pàtẹ́wọ́, à ń yin Ọlọ́run nítorí rọ́bà táyà! Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹni tí bẹ́líìtì tirẹ̀ náà ń yà ti lọ wá rọ́bà. Bí iṣẹ́ wa ṣe ń sunwọ̀n sí i lójoojúmọ́ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé lé e lórí.

Nígbà tí epo wá wọ́n, àwọn aláṣẹ gba ọ̀gá tuntun kan, Ẹnjiníà Délé, pé kó wá tún gbogbo ètò iṣẹ́ tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí bisikíìtì tó pọ̀ lè máa jáde lórí epo tó kéré. Ọmọlúwàbí ni. Ó mọ èèyàn kí, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí wa, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tó fi máa padà wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dúró lẹ́yìn, ó tẹ́tí.

Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí Fọláké jáde. Opó ni Fọláké, òun nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin mélòó kan ló máa ń dúró nídìí tábìlì tó wà lẹ́nu bẹ́líìtì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ to bisikíìtì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kó tó wọ inú ọ̀rá. Ó ní òun rí pátákó pẹlẹbẹ kan, òun gbé orí rẹ̀ sókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, òun wá fi gba ẹnu bẹ́líìtì. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, bisikíìtì ń to ara rẹ̀! Mi ò fọwọ́ kàn án o! Ó ń yọ̀ bọ̀, ó ń tò fúnra rẹ̀!" A kọrin fún un, a jó. Èmi gan-an jó dé ilẹ̀, mi ò rántí orúnkún tó ń dùn mí mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ẹnjiníà lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri. Bí ohun gbogbo yóò ṣe máa tò ló wà níbẹ̀, láti ibi ìyẹ̀fun títí dé ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń kó ẹrù. A ya bò ó, oníkálukú ń wá ibi tirẹ̀. Mo rí ààrò mi. Kàmọ́rù rí yàrá irinṣẹ́ rẹ̀. Fọláké wá tábìlì tirẹ̀ títí, kò rí i. Pátákó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n yà á dáadáa, wọ́n ní irin ni wọ́n máa fi rọ ọ́. Wọ́n sì wá sọ ọ́ fún wọn lójúkojú: tí oṣù bá parí, àwọn obìnrin ìdí tábìlì á máa lọ ilé.

Fọláké di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Alága, ẹnu mi ni mo fi lé ara mi kúrò níbi iṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí fáwọn ọmọ mi?"

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, inú bí mi sí òwe náà fúnra rẹ̀. Kí ni ẹnu obìnrin yìí ṣe? Ṣebí oore ló ṣe! 

Nígbà tí a ṣíwọ́ iṣẹ́, a kóra jọ síbi tí a ti ń jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń pariwo pé ká ti géètì pa. Ọ̀rọ̀ wọn bá mi lára mu. Mo ti ra àgádágodo tuntun, ó wà nínú báàgì mi. Ìgbà tí mo yọ ọ́ jáde, wọ́n hó yèè.

Kàmọ́rù nìkan ni kò hó. "Alága, ẹ dá àgádágodo yẹn padà sínú báàgì. Epo ń gbówó wọn lọ lójoojúmọ́. Tí a bá ti géètì, a bá wọn fi epo pamọ́ nìyẹn. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n á sì wá lé wa."

"Kí wá ni ká ṣe? Ká káwọ́ gbera, ká máa wò?"

"Ká má jẹ́rìí mọ́ ni."

 Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè dé, ká ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá fún, bó ṣe wà lára ògiri gẹ́lẹ́. Ká má ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń kún un, tí kò sí nínú àdéhùn iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká gbé e sápò."

Mo wò ó, mo bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Kàmọ́rù, ìkà ni ọ́ o!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a kọrin, a gbàdúrà. Ẹni tó ń darí ní, "Ta ló ní ẹ̀rí?" Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo wa gbójú sókè, à ń wo páànù. Ẹnì kan sín lẹ́yìn, gbogbo wa yíjú sí i bí ẹni tó fẹ́ dà wá. Ẹnjiníà na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Kò sí rárá?" A dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kò sí, sà!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ètò tuntun wò, ká sì sọ òótọ́, ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ọ̀rá sì máa ń lẹ̀ mọ́ra tí ojú ọjọ́ bá tutù. Tẹ́lẹ̀, a máa ń gbé e sítòsí ààrò kó yá gbẹ. Kò sí nínú àwòrán, nítorí náà a ò gbé e. Irin tuntun yẹn náà ń yọ̀ ju pátákó lọ, bisikíìtì ń sáré já bọ́, etí wọn ń kán. Fọláké dúró níbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo ranjú mọ́ ọn láti ìdí ààrò títí ó fi gbé ojú sílẹ̀.

Nígbà tó sú Ẹnjiníà, ó wá bá mi. "Mà, ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ̀rí fi tán?"

"Ọlọ́run ò tíì ṣe nǹkan kan ni."

"Ọlọ́run ni, mà, àbí Alága?"

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n mí, mo gbé e mì. "Ẹnjiníà, ẹni tó jẹ́rìí gbẹ̀yìn, ilé lẹ ní kó máa lọ. Ta lẹ rò pé ó tún máa jáde wá gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀?"

 Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun ò rò ó dé ibẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn díẹ̀." Ó mú mi láti ibi ìyẹ̀fun lọ dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Nídìí ààrò, a ti jẹ́rìí rí pé a ti mú kí yíyan yára. Ó fi hàn mí pé bisikíìtì tí a ń yára tì jáde gbóná dé inú ọ̀rá, ó ń làágùn níbẹ̀, ó ń rọ̀. Àwọn tó ń di páálí ti jẹ́rìí pé àwọn ti gbé páálí sún mọ́ ara àwọn. Ó fi hàn mí pé wọ́n ti gbé e dí ọ̀nà ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. "Mà, olúkúlùkù ń gbá iwájú ilé tirẹ̀, ó ń gbá ìdọ̀tí rẹ̀ sí iwájú ilé ẹlòmíì. Ó yẹ kẹ́nì kan máa wo àdúgbò lápapọ̀."

Inú bí mi, nítorí òótọ́ ni. "Ó dáa," ni mo wí. "Ẹ máa wo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ má lé onílé."

Ó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló mú èmi àti Kàmọ́rù gòkè lọ bá ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà ò fẹ́ rí wa sójú. "Ṣé ẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ là ń ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa pẹ́ dé."

Mo sọ ohun tí a fẹ́: ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ bá mú wá, wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi gé e kúrò. Tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá tán, kí wọ́n kọ́ ọ ní òmíràn. Ọ̀gá àgbà ní ibi iṣẹ́ òun kì í ṣe ilé ìjọsìn. Ìgbà yẹn ni Ẹnjiníà Délé dá sí i: "Sà, àwòrán mi ò lè dá ṣe é láìsí ẹ̀rí wọn. Ẹ̀rí wọn náà ò lè dá ṣe é láìsí àwòrán." A fà á títí, ohùn mi bọ́ sókè, ó tún wálẹ̀. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá àgbà ti gbà, ó sì di àdéhùn láàárín wa.

Ẹ bá mi wo àárọ̀ ọjọ́ kejì! Fọláké ló kọ́kọ́ sáré jáde síwájú. Ó wá bú jáde: "Ẹ bá mi yin Olúwa! Nǹkan kan ti wà nínú mi láti ọjọ́ yìí, ó fẹ́ẹ̀ pa mí! Irin yẹn ń yọ̀ jù, ẹ tẹ́ rọ́bà lé e lójú!" Ariwo sọ. Ẹnjiníà náà ń jó, bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀rí tí a ti há sínú ń tú jáde lọ́tùn-ún lósì, títí Ẹnjiníà fi ń bẹ̀ wá pé ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tan ẹ̀rọ.

Kí la jèrè? Fọláké ò kúrò. Àwọn nǹkan kéékèèké, à ń tún wọn ṣe láràárọ̀. Tí oṣù bá parí, Fọláké, Ẹnjiníà àti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á jọ rìn yíká, wọ́n á tún àwòrán yà. Bisikíìtì pọ̀ sí i, epo dín kù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí la pàdánù? Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìdí tábìlì ò dúró dè wá. Ó ti gba Computer Village lọ, ó ń ta àpò fóònù àti ṣájà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò padà síbi tí wọ́n ti lè pa èèyàn rẹ́ lára ògiri. Mi ò lè dá a lẹ́bi, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Gbèsè wà nílẹ̀ o. Mo ti fẹ̀yìn tì, Fọláké sì ti di alága. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí wọn, mo bá àdúrà àárọ̀. Ẹnjiníà wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹ̀rí, obìnrin kan, Ṣadé, nawọ́, ó tún yára sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí kọ́ńtíráktọ̀ ń gbà wọlé fún ilé iṣẹ́ ni. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú wa, àmọ́ àdéhùn wa ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fọláké ní, "Sọ ọ́, Ṣadé."

"Lórí dídi páálí ni, mà. Mo rí ọ̀nà kan tó yá. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ṣé àdéhùn yẹn kàn mí?"

 Fọláké wò mí, ó wo Ẹnjiníà. Ó dá a lóhùn pé, "Kò tíì kàn ọ́. Gbé e mì. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó yíjú sí gbogbo èrò. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, èmi ò ní ẹ̀rí láàárọ̀ yìí."

Kàmọ́rù ní, "Èmi náà ò ní." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òun náà ò ní. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí ó fi kan Ẹnjiníà Délé. Ó wolẹ̀ díẹ̀, ó ní òun náà ò ní.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì jẹ́rìí.