Nígbà tí Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú Sọ Iye Tí Wọ́n Ń Gbà

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò mọ́ iyanrìn, tí omi rẹ̀ ń ṣàn sórí ilẹ̀ pupa. Ẹ̀yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni, ní apá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Ìbefùn, níbi tó jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà yẹn. Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ilẹ̀ méjì tó fara kanra lọ́wọ́ ẹbí kan náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ méjèèjì fún bíríkìlà kan ṣoṣo. Awakọ̀ òfuurufú ni àwọn méjèèjì, wọ́n ń wa bàálù fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Èkó. Nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá yọ̀ǹda wọn, wọ́n á jọ wọ Píjò ọkọ mi wálé, wọn kì í sì í tíì bọ́ bàtà kí wọ́n tó lọ wo ibi tí ilé dé. Èmi á gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ nígbà míì, a ó sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, a ó máa jẹun, a ó máa fi ọwọ́ júwe ibi tí pálọ̀ yóò wà àti ibi tí a ó ti máa dáná.

Bọ̀ọ̀dá Ìbefùn ni mo máa ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ mi náà, nítorí ọmọ Ìbefùn ni, ó sì ju ọkọ mi lọ dáadáa. Òun ló kọ́ ọkọ mi ní irú bàálù tí wọ́n ń wà níbi iṣẹ́ yẹn. Ọdún kan gbáko ni ọkọ mi fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á láyè láti máa dá wà á. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í gbóhùn sókè, kì í sì í yára dáhùn ọ̀rọ̀. Ọkọ mi sọ fún mi pé bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀ lókè, kódà nígbà tí òjò bá ń gbá bàálù kiri. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tó máa ń pè mí ní àbúrò. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí.

Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, bẹ́ẹ̀ ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mò ń rò ó fún náà mọ bí tiwa ṣe rí. Tí èèyàn bá ti mọ lẹ́fẹ̀ẹ̀lì tó o wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ti mọ owó oṣù rẹ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń fi pamọ́, kò tilẹ̀ ṣeé fi pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọkọ mi léèrè nígbà kan pé èló ni Bọ̀ọ̀dá ń gbà, ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ọkùnrin náà.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Ẹni tó bá sọ tirẹ̀ fún ẹnì kejì, kó máa lọ sílé."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kì í gbọ́ irú ìkìlọ̀ yẹn. Ọdún tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó, tí owó sìmẹ́ńtì ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ilé tiwa ṣì ń ga. Ó dé ojú fèrèsé, ó kọjá rẹ̀, àwọn káfíńtà gun orí rẹ̀. Ti Bọ̀ọ̀dá dúró sí ojú fèrèsé. Koríko hù nínú yàrá tí wọ́n ní yóò jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwa rò pé ìnáwó ọmọ ló pọ̀ jù, tàbí àìsàn ìyá rẹ̀ ní Ìbefùn. Èèyàn kì í ro nǹkan míì nígbà tí ilé tirẹ̀ bá ń lọ sókè.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n kan páànù ilé wa tán, a jókòó sí iwájú rẹ̀, oòrùn ń ta lórí páànù tuntun náà débi pé a ní láti yíjú kúrò. Bọ̀ọ̀dá jẹun díẹ̀, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́.

"Àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Tí o ò bá fẹ́ dáhùn, má dáhùn."

"Ẹ bi mí, ẹ̀gbọ́n," ọkọ mi dáhùn.

"Èló ni wọ́n ń san fún ọ lóṣù?"

Ọkọ mi wo ojú mi. Èmi náà ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an láìyọ kọ́bọ̀ kúrò. Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè sí òrùlé wa. Ó ń wo páànù náà, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́ sí ìtànṣán rẹ̀.

"Tìrẹ fi ìdajì ju tèmi lọ," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Nítorí kí á má baà mọ̀ ni wọ́n ṣe ní ká dákẹ́."

Kò bínú sí wa. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí ká ní ó bínú ni, bóyá ara ì bá tù wá. Ó tilẹ̀ bá mi kó abọ́ jọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni kò sinmi mọ́. Ó ń bá àwọn awakọ̀ yòókù sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní Èkó, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò láti wá sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Àìkú kan, níbi tí etí ilé iṣẹ́ kò sí.

Inú ilé Bọ̀ọ̀dá tí kò ní òrùlé ni wọ́n jókòó sí, orí búlọ́ọ̀kù, aṣọ ìsìn ṣì wà lọ́rùn àwọn míì. Èmi àti ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ń bu oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, a sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ọkọ mi tẹ̀ lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yí ká. Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ọkùnrin dúdú kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Nígbà tí ó gbọ́ tàwọn tó kù, ó rí i pé òun lòun ń gba èyí tó kéré jù. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kéré jù ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, torí wọ́n fi owó fà á wá láti ilé iṣẹ́ míì ni. Kò lè gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ohun tí alága tó ni ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ló ń fún kálukú, bó ṣe rí ojú ẹni náà lọ́jọ́ tó wá.

"Tí wọ́n bá bi wá pé ta ló kọ́kọ́ sọ ńkọ́?" ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè.

"Gbogbo wa," Bọ̀ọ̀dá dáhùn.

Wọ́n fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí i. Wọ́n ní àwọn ó jọ wọlé tọ alága lọ, àwọn ó jọ dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó dé. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún ọkọ mi pé, bó ti wù kó rí, kó má fi Bọ̀ọ̀dá sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó ní ṣé mo rò pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹnì kan lára wọn ti lọ sọ fún alága. Títí di òní, a ò mọ ẹni náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, wọ́n ti pa iṣẹ́ dà. Wọ́n ní kí ọkọ mi gbé bàálù lọ sí Kánò láàárọ̀ kùtù, wọ́n rán àwọn méjì míì lọ sí Pọtakọ́tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ránṣẹ́ pé ibà mú òun. Àgbàlagbà yẹn wá, ó dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀ níta, kò sì lè jáde nínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ìbefùn nìkan ló wọlé. Alága ní kó jókòó, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó wá ní kó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ owó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gba káàdì tó fi ń wọ pápákọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé Ìjẹ̀bú-Òde lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló wà nínú Píjò. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbé bàálù náà.

"Àwọn èrò ti jókòó sínú rẹ̀," ló wí.

Mi ò tún bi í mọ́.

Àwọn tó ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn. Gbogbo ibi tí Bọ̀ọ̀dá kọ̀wé sí, wọ́n á ní kó lọ máa retí àwọn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀ láìwa bàálù, láísẹ́nsì rẹ̀ á kú sí i lọ́wọ́, owó àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe láti sọ ọ́ jí sì ti kọjá agbára rẹ̀. Ọkọ mi di owó sínú àpò ìwé kan, ó lọ bá a ní Ìbefùn, ó ní kó fi kan òrùlé. Èmi náà bá a lọ. Bọ̀ọ̀dá kò ṣí àpò ìwé náà rárá.

"Àbúrò, owó tí wọ́n fi ń dù mí ni èyí," ló wí. "Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Má bínú."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bá àwọn nọ́ọ̀sì míì lọ sí Saudi, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe nígbà náà. Ó ní ọdún méjì péré ni òun ó lò níbẹ̀. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dín kù, lẹ́yìn náà a kàn gbọ́ pé kò ní padà wá mọ́. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn.

Ibi tí mo ti wá ń rí Bọ̀ọ̀dá lójoojúmọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ wa, nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ó ń kọ́ wọn dáadáa, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ìjọba jẹ wá lówó oṣù títí lọ́dún yẹn, nígbà tó sì dé, inú yàrá àwọn olùkọ́ ń hó. Olúkúlùkù ń ṣírò tirẹ̀ sókè, wọ́n ń fi ti ọmọnìkejì ṣe ẹ̀fẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá yíjú sí Bọ̀ọ̀dá láìní ibi kankan nínú, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́? Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì mélòó ni wọ́n fi yín sí?"

Bọ̀ọ̀dá dìde, ó rọra ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jáde. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di igi ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni."

"Kò ṣe nǹkan kan, ìyàwó wa." Ó yíjú sí mi. "Ẹ ò rí i bó ṣe béèrè rẹ̀? Bí ẹni ń béèrè pé kí ni aago wí."

Kò parí ọdún náà pẹ̀lú wa. Ó padà sí Ìbefùn, nígbà tí a bá sì lọ kí i, wọ́n á ní ó wà lóko, títí a fi gbà pé kò fẹ́ rí wa ni. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ọ̀rẹ́ mi, o bi mí lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí bóyá kí ọmọ rẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ iye tó ń gbà, torí o mọ̀ pé awakọ̀ òfuurufú ni ọkọ mi. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan míì. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan fún un. Mo ṣì gbà pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mi ò tíì rí ìjókòó àwọn ọkùnrin tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Sísọ kò sì nira tó bí wọ́n ṣe rò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó yẹ kí wọ́n wọlé, ni ó nira. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti Kánò dé, kò sọ iye tó ń gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́, kò sọ ọ́ fún èmi náà. Á gbé owó oúnjẹ kalẹ̀, tí mo bá bi í léèrè, á ní ó tó wa. Ó fẹ̀yìn tì láìsọ ọ́. Ohun tí alága yẹn fẹ́, pé ká dákẹ́, ó rí i gbà nínú pálọ̀ mi, láìtẹ ẹsẹ̀ bọ Ìjẹ̀bú-Òde rí. Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀, ìyà jẹ ẹ́. Ọkọ mi dákẹ́, ìyà náà ni a jẹ, òrùlé kàn wà lórí tiwa ni.