Bàálù Tí Bàbá Mi Ń Dúró Dè

Mẹkáníìkì bàálù ológun ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré nínú báráàkì, àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà: ẹni tó bá tún bàálù ṣe tó sì rán an lọ sókè kò gbọdọ̀ lọ sílé títí yóò fi padà balẹ̀. Bó pẹ́, kó pẹ́. Àìmọye ìrọ̀lẹ́ ni mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wá jíṣẹ́ fún mi: "Bàbá ẹ ní kó o jẹun o. Bàálù ò tíì dé." Mo máa ń bínú sí bàálù nígbà náà bí ẹni ń bínú sí orogún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí màmá mi kú, mo mú bàbá wá sọ́dọ̀ mi ní Lugbe. Kò pẹ́ tí ìrántí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó gbàgbé orúkọ abúlé wa, ó gbàgbé pé màmá ti kú, ó wá gbàgbé èmi náà. Ó ń pè mí ní màdáámù, ó sì ń dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi bí ẹni tó gba yàrá nílé onílé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, ó dùn mí ju ikú màmá lọ, nítorí ẹni tó kú kì í kí èèyàn ní "ẹ káàárọ̀, màdáámù."

Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Apo ló là mí lójú. Mo lọ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i pé àwòrán bàálù ológun àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ gbogbo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ kàlẹ́ńdà mọ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bínú. Ó ní òun mọ ibi tí ọ̀kan wà, lórí pápá bàálù àtijọ́ kan tí wọn ò lò mọ́, lẹ́yìn ìlú. Mo ní bàbá mi máa fẹ́ rí i.

Nígbà tó mú wa débẹ̀, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ogun ní fífò la bá. Koríko ti bò ó dé ọrùn, ẹyẹ ti tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. Bàbá mi rọra sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ojú ìṣó rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí mi, ó pe orúkọ mi, ó sì fi oríkì kún un. "Kí ló dé tó o fi rù báyìí?" ni ó bi mí. Mo bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, a kì í fi ọjọ́ Sátidé ṣeré, ìdí bàálù náà là ń lọ. Ìrántí rẹ̀ kì í pẹ́ púpọ̀ kó tó tún lọ, bóyá wákàtí kan péré, àmọ́ mo ní bàbá ní wákàtí náà.

Onípáàtì ní kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa jẹrà sínú igbó, pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa wá wò ó, kí wọ́n sì mọ̀ pé bàálù ti fò níbí rí. Òótọ́ ló sọ. A bẹ̀wẹ̀, a gé koríko, a fi ọṣẹ fọ bàálù náà láti imú dé ìrù. Nígbà tí a ṣe tán, èèyàn lè rí i láti títì, ó ń dán yanran nínú oòrùn. A ya fọ́tò. Ayọ̀ wa ò kéré.

A ò mọ̀ pé koríko yẹn ló ń bo àṣírí rẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ipa táyà ọkọ̀ ńlá ni a bá, àti èérún irin. Ọlọ́dẹ tó wà nítòsí sáré wá. "Kai, màdáámù, sànnu," ó ní, ó ń bá mi kẹ́dùn. "Dem don cut am carry go." Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gé e, tí wọ́n sì kó o lọ. Ẹnì kan níbì kan ló tà á fún wọn, mo sì ṣépè fún un láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún. Ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí máa fi rọ. Onípáàtì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbà ọkùnrin, ó ń sunkún. "Àwa la fọ̀ ọ́ fún wọn," ó ń wí. "Àfọwọ́fà ni."

Bàbá mi nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè.

"Ó ti gbéra?" ó bi mí.

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ti gbéra."

"Ó dáa," ó ní. "A ó dúró dè é."

Mo rò pé mo ti fi irọ́ kékeré tù ú nínú, àfi nígbà tí a délé tó kọ̀ tí kò wọlé. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń gbé àga sẹ́nu géètì, tó ń wo ojú ọ̀run. Àwọn bàálù tó ń kó èrò kọjá lórí wa, kò kà wọ́n sí. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń mú un wọlé sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọyẹ́ mú. Mo jáde lọ bá a. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Ó wò mí tàánútàánú, bí ọ̀gá ti ń wo ọmọṣẹ́ tó ti rẹ̀.

"Ìwọ máa lọ ní tìrẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n bá mi yà nílé mi. Ọmọ mi obìnrin kan wà níbẹ̀, á ti máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Sọ fún un pé kó jẹun. Bàálù ò tíì dé."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà. Mà á sọ fún un."

Mo da ìborùn mi bo èjìká rẹ̀. Mo wọlé, mo bu oúnjẹ, mo sì jẹ ẹ́.