Orúnkún Mi àti Ọ̀gágun Ará Síríà

Wọ́n ní mo lórí kunkun. Mo gbà. Mánijà wa sọ ọ́, ọkọ mi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ìyá mi sọ ọ́ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ bàbá ará Síríà yìí, bí wọ́n bá tún gbé e wá lónìí, ohun tí mo ṣe náà ni màá tún ṣe. Ẹni tí inú bá ń bí, kó máa bí i lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí nílẹ̀ òyìnbó níbí, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Largo. Laurel ni mò ń gbé, ó sì jìnnà síbẹ̀, nítorí náà kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń wà lójú títì, tí màá máa bá àwọn onímọ́tò jà láti inú mọ́tò tèmi níbi tí wọn ò ti lè gbọ́ mi. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wa níbi iṣẹ́. Mánijà wa pàápàá, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ níhìn-ín, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bó bá ku àwa nìkan, Yorùbá la máa ń sọ. Bí òyìnbó bá yọjú báyìí, ìyá yìí á yí ohùn padà, ẹ ó rò pé inú rédíò ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé bàbá náà wá lẹ́yìn tó ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Fort Washington, ló mú un wá, torí pé bí òun bá ti lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa wà nílé pẹ̀lú bàbá. Kí wọ́n tó dé ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀gágun ni, ní ilẹ̀ Síríà. Mo ní háà! Ọ̀gágun Síríà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ rí ni èyí tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí ẹ̀tẹ̀ bò lára. Mò ń retí ọkùnrin gìrìwò kan tí yóò máa jágbe mọ́ wa. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo bá lórí bẹ́ẹ̀dì, irunmú rẹ̀ funfun báláú, ó ń fi ìka na etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó lè gún régé.

Ohun àkọ́kọ́ tó bẹ̀ mí ni pé kí n má ti ilẹ̀kùn. Bó ń sùn, bó ń jẹun, ilẹ̀kùn òun gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ariwo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi." Ó ní ariwo ò pa ẹnikẹ́ni rí. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ rọra máa ń jáde ni, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, ṣùgbọ́n ó máa ń yé èèyàn.

Fọ́tò kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, àwọn géńdé tí wọ́n tò nínú aṣọ ológun, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní ìlú Homs. Bí mo bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, á nàka sí ọ̀kan nínú wọn, á sì sọ ibi tí iṣẹ́ ológun gbé e dé. Ẹni yìí wa bàálù ogun, ó sì bá a já bọ́ nígbà tí wọ́n ń bá Ísírẹ́lì jà. Ẹni yìí ò mọ táǹkì í wà rárá, ṣùgbọ́n ó mọ ilé tó yẹ kó máa lọ kí wọn, ó sì di mínísítà. Ẹni yìí lọ sí Lẹ́bánónì lọ ṣọ́ àlàáfíà, ilé ńláńlá ló fi ibẹ̀ kọ́. Eléyìí tó ń rẹ́rìn-ín yìí, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti ń fìyà jẹ èèyàn. Èyí tó gbẹ̀yìn sá kúrò nílùú, búrẹ́dì ló ń tà ní Jámánì báyìí, ó sì ti sanra. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ ológun tiyín ò yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà o! Ẹni tó mọ̀ ọ́n jà kọ́ ló ń gòkè." Òun náà rẹ́rìn-ín.

Tirẹ̀ ló máa ń sọ kẹ́yìn. Ọmọ àgbẹ̀ olólífì ni, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Hama. Ní ìlú wọn nígbà náà, ọmọ tálákà tó bá ní ọpọlọ, iṣẹ́ ológun ni ọ̀nà àbáyọ rẹ̀. Lẹ́fútẹ́nántì tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún ni nígbà tó jagun nínú táǹkì, irin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ dòní. Wọ́n rán an lọ kàwé ní Rọ́ṣíà, ó padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ogun, ó di kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó di ọ̀gágun. Nígbà tí àwọn ará ìlú wá jáde sígboro pé ìyà ìjọba ti tó gẹ́ẹ́, wọ́n ní kó kó táǹkì lọ bá wọn. Ibẹ̀ ló máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Á ní, "Mo ní mi ò ṣe." Ó parí. Àwọn yòókù, ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi: pé wọ́n já àmì oyè kúrò ní èjìká rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ yàrá tí kò ní fèrèsé títí ó fi kù díẹ̀ kó kú síbẹ̀, kí àwọn ẹbí tó rí ọ̀nà yọ ọ́ tí wọ́n sì gbé e gba Tọ́kì sá. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó yé mi.

Mo sọ fún bàbá pé ní tiwa, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó mi orí títí.

Wàhálà àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá figbe ta, ó sì ti ọmọkùnrin náà sẹ́yìn. Mánijà wa ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òkè ló ń lọ. Òkè tí wọ́n ń wí yìí, ibẹ̀ ni àwọn tí iyè wọn ti ra wà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹni tó bá sì ń pariwo, abẹ́rẹ́ tó ń múni dákẹ́ wà fún un. Mi ò bú ibẹ̀ o. Ó ń ṣe àwọn kan lóore. Ṣùgbọ́n bàbá tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, tí wọ́n ti tì mọ́lé rí nítorí pé ó ṣe dáadáa, kí n fi ọwọ́ ara mi dá a padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ká má rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ nínú mọ́tò pé ìjọba tó tì í mọ́lé ti wó, olórí wọn ti fẹsẹ̀ fẹ. Orí mi wú. Mo pariwo "Yéè!" nínú mọ́tò lémi nìkan. Nígbà tí mo dé, bàbá jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ó ti gbọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ ni bí mo bá ń gbé oògùn fún un, bí a ṣe ń ṣe fún àgbà, kò sì kà á sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ta ló fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìdúró? Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé ife omi sókè fún un. "Ẹ kú oríire, Bàbá! Ojú yín rí i!"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó figbe ta ní èdè Lárúbáwá, ó gbá apá mi mú, ó ń fà mí sókè tipátipá. Ife fò lọ. Mo ń pariwo pé "Bàbá, kí ló dé?" òun náà ń pariwo tiẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu bó ṣe máa ń wà, mánijà wa sì dúró lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń wò wá.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. "Ó lù ẹ́."

"Kò lù mí, mà."

"Wo apá rẹ."

Apá mi ti ń wú lóòótọ́. Mo fi ọwọ́ kejì bò ó. "Mo kúnlẹ̀ kí wọn ni, mà. Mi ò mọ ohun tó bí wọn nínú."

"O kúnlẹ̀! Ta ló rán ẹ? Ṣé Ọ̀yọ́ lo wà ni?"

"Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ ń bi mí bẹ́ẹ̀, mà?"

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Gbọ́, àbúrò. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ní ìpàdé lọ́la, wàá sọ fún dókítà pé ó lù ẹ́. Wọ́n á gbé e lọ sókè, kóówá á sì sinmi. Bó bá lọ ṣe ẹlòmíì léṣe, ìwọ kọ́ ni wọ́n máa bi, èmi ni."

Mi ò ní í purọ́, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n mo ní, "Mo gbọ́, mà. Mi ò kàn ní í sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni."

Mo padà lọ bá bàbá pé kó ṣàlàyé fún mi. Ó kọjú sí ògiri. Inú wá bí èmi náà. Mo kí èèyàn dáadáa, ó mú apá mi wú, ó tún kẹ̀yìn sí mi! Mo bínú délé, mo bínú jẹun, ọkọ mi ní kí n sọ ohun tí mánijà fẹ́ kí n sọ kí n rójú ráyè. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó yí tábìlì ká: dókítà òyìnbó obìnrin, mánijà wa, ọmọ bàbá tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, bàbá nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn, àti èmi. Dókítà bi bàbá ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ń wo fèrèsé. Dókítà tún bi í, kò dáhùn. Mo rí i bí dókítà àti mánijà ṣe wo ara wọn, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́ yẹn ló máa gbé e lọ sókè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kò lù mí. Mo wà lórí orúnkún, ó sì ń fà mí dìde."

Ọmọ bàbá yíjú sí mi kíá. "Lórí orúnkún? O kúnlẹ̀ fún bàbá mi?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ò tíì yé àwọn yòókù. Mo bá dìde lórí àga, mo yí tábìlì po, mo sì kúnlẹ̀ síwájú bàbá bí mo ṣe kúnlẹ̀ lánàá. Mánijà wa fi Yorùbá jágbe pé, "Dìde, má dójú tì wá!" Wọ́n gbàgbé pé òyìnbó wà níbẹ̀.

Mo rò pé bàbá yóò tún figbe ta. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí òun kó táǹkì dé ìlú tí wọ́n rán òun sí, òun bá àwọn ará ìlú lórí orúnkún ní gbàgede, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn orí, arúgbó obìnrin wà nínú wọn. Ọ̀gá ológun tó mú wọn kúnlẹ̀, ẹgbẹ́ òun ni, wọ́n jọ kàwé ni. Ọ̀gá yẹn ní kí òun wa táǹkì wọ àárín wọn. Òun bá sọ̀ kalẹ̀, òun ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ó ní, "Àṣẹ tí mo pa nínú iṣẹ́ ológun pọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ fún ọmọ mi. Mi ò lè rí èèyàn lórí orúnkún mọ́." Ó wá wò mí. "Dìde."

"Mi ò dìde, Bàbá."

Ẹnu mi ti ṣí. Mo ní, "Àwọn yẹn, ìbọn ló mú wọn kúnlẹ̀. Èmi, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Orúnkún mi ni, ẹni tó bá wù mí ni mò ń fi kí. Mi ò kúnlẹ̀ fún mánijà mi rí, wọ́n wà níbí, ẹ bi wọ́n. Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún, torí ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kú oríire."

Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì fi í síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún.

Dókítà bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Kí lo wá rò pé ó ń ṣe sí ọ lánàá?"

Mo ní, "Ó ń gbà mí là ni."

Kò sí òkè, kò sí abẹ́rẹ́. Dókítà ní kó padà sí yàrá rẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì máa wà ní ṣíṣí. Mánijà wa fi òyìnbó inú rédíò wọn fún mi ní ìkìlọ̀ tiwọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọjọ́ tí mo bá tún kúnlẹ̀ níbi iṣẹ́, èmi àtàwọn ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú kẹ̀kẹ́. Mo ti ń tì í lọ kó tó sọ̀rọ̀.

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la, màá kúnlẹ̀."

"Wọ́n ti ní kó o má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ wọn."

"Èmi náà á pàṣẹ pé kó o dìde."

"Ẹ pa á, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí èèyàn ń fi àṣẹ ṣe."