Ẹ̀lú Tí Àṣàkẹ́ Fọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ ẹ̀fọ́ gbúre. Mo ń bu omi fún un títí ó fi sú mi, mo wá bi í pé ṣé ẹ̀fọ́ náà kò tíì mọ́ ni. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ bomi sí i. Gbúre nìyí, kì í ṣe ẹ̀lú." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dákẹ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn yóò rántí òórùn aró. Òun ló máa ń jí mi ní àgbàlá ìyá mi, òórùn kíkan, bí ìgbà tí ewúrẹ́ tọ̀ sórí eérú. Ìyá mi a máa pa òwú láró fún àwọn ahunṣọ. Ewé ẹ̀lú tútù ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń mọ róbótó, tí wọ́n ń sá gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí yóò fi kan, tí ìfófòó orí rẹ̀ yóò máa dán bí idẹ. Èyí tí kò bá kan, òwú kì í gbà á.

Ó kù díẹ̀ kí ogun àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá Àṣàkẹ́ mú un wá láti Ìlerò, kí ó wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyá tirẹ̀ ti kú. Ọmọ tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Ní ọjọ́ ọyẹ́ kan, ìyá mi lọ sí ọjà, ó ní kí ó gún ẹ̀lú tí a já wá. Eruku ti bo ewé náà funfun. Àṣàkẹ́ kó o lọ sí odò, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó gún un. Ó rò pé ire ni òun ń ṣe.

Ìkòkò náà kò kan. Ìyá mi ṣí i, ó fi igi rò ó, ó tún dé e. Omi náà kàn ń wò wá ni. Òwú ahunṣọ sì wà nílẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ fi hun. Ìyá Làmídì, aláró ilé kejì, na ọrùn láti orí ògiri. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe ìyá mi. Ó ní, "Ìyá Àkànní, ṣé aró lẹ ń rẹ ni, àbí ọbẹ̀ lẹ ń sè?" Ìgbà tó rẹ ohùn sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà burú. Ó ní ọwọ́ ọmọ Ìlerò yìí ló pa ìkòkò, kí wọ́n dá a padà kí ó tó pa òmíràn. Ní àdúgbò wa, bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnì kan, kò sí aláró tí yóò gbà á sílé mọ́. Àṣàkẹ́ gbọ́, èmi náà gbọ́. Èmi nìkan ni ìyá mi bí, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo ń bá ṣeré.

Ìyá mi bi í ní ohun tó ṣe sí ewé náà.

"Mo fọ̀ ọ́ ni, ìyá. Ó dọ̀tí."

Ìyá mi dé ìkòkò náà. Ó ní, "A kì í fọ ẹ̀lú. Bí èmi náà ṣe bá a nìyẹn." Ó máa ń sọ pé ọwọ́ tó da omi nù náà ni kó lọ pọn òmíràn. Nítorí náà, Àṣàkẹ́ ni yóò tún un ṣe. "Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá kọ̀, ọmọ mi, n kò ní lè gbè ọ́ mọ́."

Iná ti jó pápá. A rìn títí dé etí odò kí a tó rí ẹ̀lú tútù. Àṣàkẹ́ já a bíi pé ẹyin ló ń kó, ó gún un teruku-teruku. Láti ìgbà tí ó ti wọ inú ìkòkò, bí tísà bá ń kọ́ wa ní ìṣirò, ìkòkò ni mo ń rí. Bí mo bá ń darí bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, n kì í lè sáré, nítorí mo ń bẹ̀rù pé ẹrù rẹ̀ tí wọ́n ti dì fún Ìlerò ni màá bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òórùn náà pàdé mi ní ìta. Ìyá mi ti ìka bọ aró, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí Àṣàkẹ́ náà tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ gbé òwú wá."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbéyàwó èmi àti Àṣàkẹ́, mo kà nínú ìwé pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí máa ń tẹ̀dó sí ara ewé àti sí àárín irun rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń tẹ̀dó sí ìlú. Mo rò pé àwọn ló ń mú aró kan, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé odidi ìlú ni mo fọ̀ dànù yẹn? Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Làmídì gbọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Kì í wá ṣe ọwọ́ mi." N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí ìyá mi ìgbà náà lọ dáadáa. Ẹ̀rù tó ba ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ẹni tí ó lè máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò ṣàánú. Ní ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ dákẹ́, èmi kò rí ẹni tí mo lè wò bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹrù obìnrin gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Délé ọmọ wa ní òun yóò bá mi gbé e lọ. Mo ní kó jókòó. Mo ká àwọn ìró rẹ̀ fúnra mi, mo dì wọ́n, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlerò, mo sì gbé wọn lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.